Ìgò Mànàmáná àti Ọwọ́ Méjì Àlàmú

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí ẹ̀pà wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó gbé e mì, ẹni tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀ kí ó fún un lọ́mú, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lọ́sàn-án yìí kò fẹ́ ariwo. Ẹ mọ̀ mí. Ọdẹ ni mí kí n tó di alàgbà ìjọ. Mo ti bá ẹfọ̀n jà rí lójú odò, àpá ìwo rẹ̀ nìyí ní itan mi, ẹni tí kò bá gbà kí ó wá fi ọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ìtàn tèmi kọ́ ni tòní. Bí mo bá kó gbogbo ẹran tí mo ti pa láyé mi jọ, tí mo tò wọ́n láti ibi yìí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò tó ohun tí ojú Ọdẹ́rìndé rí.

Jóòbù ni ó fa ìtàn yìí. Má bojú wẹ̀yìn, Jóòbù, ìwọ náà ni mo ń bá wí. Lọ́jọ́ ìkórè, nígbà tí a lọ kí Ọdẹ́rìndé nílé, o gbé àwo ẹran fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó sì ká ọwọ́ òsì sẹ́yìn. O gbá a lọ́wọ́. O ní, "Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́! Ṣé ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà nílé yín?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́rìndé kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, kò sì jáde mọ́ títí a fi túká. Ẹ ní ọjọ́ ogbó ló ń dà á láàmú. Ó dára, ẹ gbọ́ ohun tó ń dà á láàmú.

Nígbà tí irùngbọ̀n Ọdẹ́rìndé ṣì dúdú, kò sí ọdẹ tó tó o ní gbogbo agbègbè yìí, àfi èmi nìkan. Ó ga, ó gbóyà, ó sì mọ̀ pé òun ga, òun sì gbóyà. Ó ní àbúrò kan tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, Àlàmú ni orúkọ rẹ̀. Àlàmú kò ga. Ohùn rẹ̀ dùn nínú ẹgbẹ́ akọrin, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n ni ìtẹríba. Bí ó bá rí àgbà lókèèrè, ó ti dọ̀bálẹ̀. Bí o bá fún un ní omi lásán, ọwọ́ méjèèjì ni yóò fi gbà á, yóò sì tẹrí ba bí ẹni pé adé ni o gbé fún un. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A ó ní, "Àlàmú, ó kù díẹ̀ kí o dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́." Òun a ní, "Bí ewúrẹ́ náà bá jù mí lọ ńkọ́?"

Ìyá wọn ń jẹ́ Àsàkẹ́. Awọ funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì láti ìgbà tí Àlàmú ti wà lọ́mọ ọwọ́. Kò mọ ojú ọmọ náà. Ìka ni ó fi mọ̀ ọ́n. A máa fi ọwọ́ tọ imú rẹ̀, a máa ní, "Imú bàbá rẹ nìyí. Ojú wá jọ ti ta ni? Olúwa, jẹ́ kí n rí ojú ọmọ yìí kí n tó kú." Àràárọ̀ ni ó ń sọ ọ́ lẹ́yìn àdúrà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ọdẹ́rìndé ń nu ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó gbọ́ ọ. Ó gbé ìbọn sílẹ̀.

"Àlàmú!"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Múra. À ń lọ wá ojú fún Ìyá."

Báyìí ni wọ́n ṣe wọ Igbó Aláìlójìji, níbi tí oòrùn ti ń ràn ṣùgbọ́n tí igi kankan kò ní òjìji, tí ènìyàn yóò máa rìn tí kò ní rí nǹkan kan tí ń tẹ̀lé e. Iwin kan ń bẹ nínú igbó náà tí ń jẹ́ Ajẹwọ́. Irun orí rẹ̀ funfun báláú, ṣùgbọ́n kò ní ẹnu lójú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà, eyín sì yí i ká bí eyín ayùn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pàdé, yóò na ọwọ́ sí i bí ọ̀rẹ́. "Ẹ káàbọ̀ o, àlejò. Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́." Ẹni tí ó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe oúnjẹ àárọ̀ fún un.

Ọdẹ́rìndé ti ń na ọwọ́ ìbọn rẹ̀ lọ kí Àlàmú tó rí irun funfun yẹn. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Gbàgà, Àlàmú ti wà nílẹ̀! Bí ó sì ti ń lulẹ̀ ni ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láṣọ tí àwọn méjèèjì jọ ṣubú. "Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ta ni àwa tí a ó máa bọ irú yín lọ́wọ́?"

Iwin náà dúró, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Láti ìgbà tí ó ti wà nínú igbó, ènìyàn ti ta á lọ́fà, wọ́n ti yìnbọn fún un, wọ́n ti sá fún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kí i bí bàbá rí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Ẹ kọjá. Ẹ̀kọ́ ilé ọmọ kúkúrú yìí ló gbà yín."

Nígbà tí wọ́n jìnnà díẹ̀, Ọdẹ́rìndé wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀, ó wo Àlàmú. "Bí kò bá sí ìwọ, òsì ni ǹ bá máa fi yìnbọn."

"Ẹ ò ní ṣòsì, ẹ̀gbọ́n mi," ni Àlàmú wí, ó sì dá orin ìsìn lé e.

Lẹ́yìn igbó yìí ni wọ́n dé Ìlú Arójú, ilé àgbà obìnrin kan tí ń jẹ́ Ìyá Atánná. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá wọn títí dé òpin, ó wọ ilé, ó gbé ọ̀pá dígí kan jáde tí kò nípọn ju ìka lọ.

Ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ àtùpà a máa tàn káàkiri ilé bí ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ti inú ọ̀pá yìí kì í tàn káàkiri. Tààrà ni ó ń lọ, bí òwú tí a fà le. Lésà ni ẹ̀yin ọmọ ayé ń pè é. Yóò jó awọ yẹn kúrò lójú ìyá yín, kò sì ní fọwọ́ kan ẹyinjú. Ẹ gbà á. Ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fi fún mi, ọ̀fẹ́ ni mo fi fún yín. Ṣùgbọ́n ebi ń pa á. Mànàmáná ni oúnjẹ rẹ̀, kì í sì í jẹ díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ mànàmáná yìí ni ó gbé wọn dé Ìpalọ́lọ́, ìlú àwọn tí ń ta á. Ẹ̀rín ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó wọ ìlú náà, ẹ̀rín ọmọdé, ẹ̀rín ìyàwó tuntun, ẹ̀rín àwọn arúgbó tí kò léyín mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọjà, ẹ kò ní rí ẹnu kan tí ó ṣí. Inú agbọ̀n ni gbogbo ẹ̀rín náà wà, wọ́n tò wọ́n bí ọsàn, àwọn tí ó ni ọjà sì jókòó tì wọ́n, ojú wọn gbẹ bí pátákó. Àpótí mànàmáná tí wọ́n ń tà ń dán, ó ní ìdérí, ó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e, kò ní wàhálà kankan nínú.

Ọdẹ́rìndé bi obìnrin kan léèrè iye tí ó ń tà á.

"Ẹ̀rín rẹ," ni obìnrin náà wí. "Èyí tí o ti rín, tìrẹ ni. Gbogbo èyí tí ó kù, tiwa ni."

Ọdẹ́rìndé bú sẹ́rìn-ín tí àwọn agbọ̀n fi mì. "Kí n ta ẹ̀rín mi? Kí ni n ó wá fi máa rín àwọn ọdẹ tí ń pa ẹmọ́ nílé?" Èmi ni ó ń bú, ẹ má wojú mi. "Mànàmáná lásán! N ó ṣe tèmi fúnra mi, kò sì ní ná mi ní nǹkan kan."

Obìnrin náà kò bínú. "Ẹ máa lọ. A kì í bá oníbàárà jà. Gbogbo wọn ni wọ́n ń san án."

Wọ́n lọ. Ibi tí wọ́n lọ ni Igbó Àkìtàn, níbi tí gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn sọnù ń rọ́ lọ. Òkè rédíò ń bẹ níbẹ̀, àti òkè tẹlifíṣọ̀n, àti alùpùpù tí igi ti hù gba inú rẹ̀ kọjá. Bàbá Àjákù ni ó ń ṣọ́ ibẹ̀. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì ni ojú rẹ̀ ọ̀tún, orúnkún rẹ̀ sì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Àlọ́ ni mo fi ń ṣílẹ̀kùn. Kí ni ẹ̀yin ènìyàn ń sọnù nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Rédíò," ni Ọdẹ́rìndé wí.

"Rárá."

"Aago. Fìtílà. Bàtà!"

"Ọdẹ, o kàn ń yìnbọn sókè ni. Ìwọ kékeré ńkọ́?"

Àlàmú tẹrí ba. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ṣì í ẹ má bínú. Àwọn àgbàlagbà ni."

Gílóòbù ojú Bàbá Àjákù ṣẹ́jú. Ó gbé ara kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ wọlé. Kí ni ẹ fẹ́ ṣe?"

Òun ni ó kọ́ wọn. Ìgò ọtí tí àwọn ọ̀mùtí ti sọnù ni wọ́n ṣà jọ, wọ́n bu omi iyọ̀ sínú wọn. Bébà fàdákà tí ń bẹ nínú páálí sìgá ni wọ́n fi wé wọn lóde, láti ìdí dé àárín, wọ́n fi ọrùn ìgò sílẹ̀ lásán. Wọ́n ki wáyà gba ìdérí kọjá títí ó fi kan omi. Wọ́n tú kọ́ìlì tí ń mú iná ta kúrò lára alùpùpù kan, wọ́n wá bátìrì ọkọ̀ tí ẹ̀mí kò tíì bọ́ lára rẹ̀ tán, wọ́n gé táyà fi ṣe ìtẹ́lẹ̀ fún gbogbo rẹ̀.

Bàbá Àjákù ní, "Mànàmáná inú bátìrì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni. Kọ́ìlì ni yóò nà án lẹ́gba tí yóò fi máa fò. Àwọn ìgò yóò máa gbé e mì díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi yó. Bí wọ́n bá yó, ẹ jẹ́ kí wọ́n bì í lẹ́ẹ̀kan náà sínú ọ̀pá dígí yẹn."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgò yó, ó bì í, pàù! Ìmọ́lẹ̀ pupa kan yọ láti inú ọ̀pá, tín-ín-rín, ó gba àárín ewé kọjá, ihò tí ó dá kò sì tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ọdẹ́rìndé jó. Àlàmú kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Ẹ kò tíì gbọ́ òfin," ni Bàbá Àjákù wí. "Bí iṣẹ́ bá parí, kí ẹ tó gbé ìgò kankan, ẹ fi wáyà onígi yìí, èyí tí ó ní ìdìmú igi, so ẹnu rẹ̀ mọ́ bébà ara rẹ̀, kí ó bi èyí tí ó kù nínú rẹ̀. Ẹ má wò ó pé ó dákẹ́. Èkejì: ọwọ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ fi kàn án. Ẹ ká èkejì sẹ́yìn. Bí mànàmáná bá rí ọwọ́ méjì, yóò gba ọ̀kan wọlé, yóò gba èkejì jáde, àárín ọkàn yín ni yóò sì rìn gbà."

Ọdẹ́rìndé ní, "Bí a bá ti pa òfin àkọ́kọ́ mọ́, kí ni a ń fi èkejì ṣe?"

"Ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé àkọ́kọ́ ni mo ṣe fún yín ní èkejì. Ènìyàn ni yín."

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀. Ibi tí a dé yìí kò rọrùn fún mi.

Bí wọ́n ti ń bọ̀ nílé, gbogbo ọ̀nà ni Àlàmú ń fi òfin náà kọ́ra. Bí ó bá fẹ́ já ewé, ọwọ́ kan. Bí ó bá fẹ́ mú igi, ọwọ́ kan, ọwọ́ òsì ti lọ sẹ́yìn. Ó mọ ara rẹ̀, ó mọ̀ pé ọwọ́ òun yára jù láti jáde. Wọ́n dé etí odò kan níbi tí àwọn ọdẹ ìlú mìíràn jókòó sí. Ọdẹ́rìndé fi igbá bu omi, ó na án sí àbúrò rẹ̀. Àlàmú fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó ká òsì sẹ́yìn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà rẹ́rìn-ín. "Ọdẹ́rìndé, àbúrò rẹ ti dàgbà o! Ẹ ti di ẹgbẹ́."

Ojú Ọdẹ́rìndé pọ́n. Ó gba igbá padà, ó da omi rẹ̀ nù. "Èmi ni o ń na ọwọ́ kan sí? Níwájú àwọn ènìyàn wọ̀nyí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo ń fi kọ́ra ni, nítorí òfin Bàbá Àjákù."

"Òfin ìgò nìyẹn. Èmi jọ ìgò lójú rẹ? Láti òní lọ, ohun yòówù tí mo bá gbé fún ọ, ọwọ́ méjì!"

Àlàmú dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ etí odò. "Ọwọ́ méjì, ẹ̀gbọ́n mi. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ọdẹ́rìndé tún omi bù. Àlàmú fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó mu ún, ó sì dúpẹ́.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n to àwọn ìgò náà sí àgbàlá ìyá wọn. Èmi ni mo bá wọn gbé bátìrì wọlé. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì mú. Gbogbo àdúgbò ti kún ibẹ̀. Wọ́n mú Ìyá Àsàkẹ́ jókòó, wọ́n fi ìrọ̀rí ti orí rẹ̀ kí ó má baà mì. Ẹ̀rù ń bà á. Àlàmú jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń kọ orin fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọdẹ́rìndé ká ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó ń fi ọ̀tún ṣiṣẹ́. Pàù, fún ojú ọ̀tún. Ó dúró kí ìgò tún yó. Pàù, fún ojú òsì. Wọ́n fi aṣọ tútù bò ó lójú.

Ọdẹ́rìndé tú wáyà kúrò láàárín àwọn ìgò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà onígi tú inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó ṣe ti àkọ́kọ́, ó ṣe èyí tí ó tẹ̀lé e, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ó ku ọ̀kan péré nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣí aṣọ kúrò lójú tí ó kígbe.

"Ìmọ́lẹ̀! Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí ìmọ́lẹ̀!"

Àgbàlá dàrú. Obìnrin ń jó, ọkùnrin ń ju fìlà sókè. Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá, tí ó mì í láti ìdí dé orí. Wáyà onígi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ń jó fẹ́ ta lu ìgò tí ó kù náà, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún mú un lọ́rùn, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lẹ́yìn síbẹ̀, nítorí ó ti mọ́ ọn lára.

"Àlàmú, gbà! Gbé e sí kọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà fọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó gbé nǹkan fún un, níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àlàmú tẹrí ba. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fi ọ̀kan gbé ìdí ìgò, níbi tí bébà fàdákà wà, ó fi èkejì bo ẹnu rẹ̀, níbi tí wáyà ti yọ jáde.

Kò kígbe. Ó kàn lọ sílẹ̀, ó dojú délẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú, níbi ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì wá, a rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan tilẹ̀ ní, "Àlàmú ti bẹ̀rẹ̀!" A rò pé ó ń kí ìyá rẹ̀ kú oríire ni. Ta ni ó lè mọ ìyàtọ̀? Bí ó ti máa ń dọ̀bálẹ̀ náà nìyẹn.

Ìyá Àsàkẹ́ nu omijé. Ó wo ọ̀run, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wá wo ilẹ̀.

"Ọmọ ta ni ó dọ̀bálẹ̀ yìí?" ni ó wí. "Ó ti pẹ́ jù nílẹ̀. Ẹ ní kí ó dìde, mo ti jẹ́ ẹ. Dìde, ọmọ mi. Dìde kí n rí ojú rẹ."

Ẹnu Ọdẹ́rìndé ṣì ṣí. Ẹ̀rín tí ó wà nínú rẹ̀ kò parí, ó kàn dúró síbẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn gbé nǹkan lé pẹpẹ tí ó sì gbàgbé rẹ̀. Òun ni ó yí àbúrò rẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà ṣe rí ojú tí ó ti ń bẹ Ọlọ́run láràárọ̀ pé kí òun rí.

A sin Àlàmú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgbẹ́ akọrin kò lè parí orin. Ìyá náà lo ojú rẹ̀ fún ọdún díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ògiri ni ó máa ń kọjú sí tí ó bá jókòó. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀rín Ọdẹ́rìndé. Mo bá a ṣọdẹ, mo bá a jẹ, mo sọ gbogbo àpárá tí mo mọ̀ fún un. Ọjọ́ kan ni ó bi mí nínú oko pé, "Agbọ̀n wo ni o rò pé wọ́n kó tèmi sí ní Ìpalọ́lọ́? Mo ní kò ní ná mi ní nǹkan kan." Èmi alàgbà ìjọ, tí mo mọ ìwé orin látòkè délẹ̀, àdúrà nìkan ni mo ní kí a gbà. A bẹ̀rẹ̀, n kò sì lè parí rẹ̀.

Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé yẹn, ọwọ́ kan ni Ọdẹ́rìndé kọ́ wọn láti máa fi gba nǹkan. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Jóòbù, dìde. Lọ sí ilé Ọdẹ́rìndé báyìí, kí o bẹ ọmọ náà. Yóò fún ọ lómi, nítorí wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ jù wá lọ. Bí ó bá gbé e fún ọ, ká ọwọ́ òsì rẹ sẹ́yìn kí o tó gbà á. Jẹ́ kí bàbá rẹ̀ àgbà rí ọ.